Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ẹni Tó Lè Fi Oògùn Mẹ́dọ̀wú Sílẹ̀ ní Orè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí kò ní ba aṣọ yín jẹ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo ní ọ̀kan fún yín. Kò ní oòrùn, kò ní ẹrẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé ẹrù lé yín lórí. Pẹ́ńsùlù, ìwé gíráàfù, àti àga onírin tí ń jẹ ni ní ìdí, ó parí. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi jókòó sórí àga yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sí i, mo rò pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi pẹ́ńsùlù pa ẹnì kan.

Bí ẹ bá bi àwọn ará Òdìgbó pé iṣẹ́ wo ni Akínṣọlá ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Àwọn aláròká inú wọn á fi kún un pé mo máa ń tà á. Ìyá tó bí mi pàápàá kò rí ìdí iṣẹ́ náà títí ó fi kú. Bí wọ́n bá bi í, á ní, “Ọma mi ń fa ìlà fún dókítà.” Ká sòótọ́, nínú gbogbo wọn, òun ló sún mọ́ ọn jù.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Àrùn kan wà tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀, a ń pè é ní mẹ́dọ̀wú. Kòkòrò rẹ̀ kéré débi pé awò tí wọ́n fi ń wo ibà kò lè rí i. Ó lè gbé inú ènìyàn fún ogún ọdún láì sọ̀rọ̀, àfi ọjọ́ tí ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè. Oògùn oníhóró kan wà tí ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá oògùn yẹn dúró, á tún gbérí. Abẹ́rẹ́ ìdánwò kan sì wà láti òkè òkun, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó jí àwọn ọmọ-ogun inú ara, kí àwọn fúnra wọn lè máa ṣọ́ àrùn náà lẹ́yìn tí oògùn bá ti lọ. Ìbéèrè ọ̀gá mi kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ wo ni a lè dá oògùn dúró lára ẹnì kan tí àrùn kò fi ní padà? Ìṣirò ló fẹ́ fi dáhùn. Èmi ni ọwọ́ tó fi ń ṣírò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí à ń wí yìí, àwọn sójà ìta ti jí ju bó ṣe yẹ lọ. Ti inú ara nìkan ló ṣì ń sùn.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ ò gùn rárá. Àwọn ológun ti gba ìjọba, wọ́n ń gbọn òṣìṣẹ́ dànù bí ẹni gbọn ẹní. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo mọ ìṣirò, mo sì ń ti ọmọlanke ní ìkóríta Orè. Ẹnì kan sọ fún ẹnì kan pé dókítà kan ń wá ẹni tó lè fa ìlà tó tọ́. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ ju òun náà lọ.

Yàrá méjì ni ibi iṣẹ́ wa, lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré kan tó kọjú sí òpópónà tó ti Èkó lọ sí Bìní. Bí ọkọ̀ agbégi bá ń kọjá, tábìlì á gbọ̀n, ìlà mi á ṣẹ́ kọ́rọ́. Ọ̀gá á wò ó, á ní, “Tún un fà.” Mo ní, “Ọkọ̀ ni, sà.” Á ní, “Ṣé ọkọ̀ ló ń gba owó oṣù ni?”

Ọmọ Èkó ni ọ̀gá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ẹ̀gẹ́, ó kàwé ìṣègùn ó sì tún kàwé ìṣirò lé e lórí nílẹ̀ òyìnbó. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ ní Dókítà Gíráàfù. Kì í mu ọtí, kì í tọrọ gáfárà, kì í sì gba “mo rò pé.” Bí o bá ní “mo rò pé,” á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á ní, “Ta ló ní kí o rò?”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fojú kan ẹ̀jẹ̀. Àgbá omi ló fi mí tì.

“Akin, omi mélòó ló wà nínú àgbá yẹn?”

“Ó kún, sà.”

“N kò bi ọ́ bóyá ó kún.”

Ó fi ìṣó lu ìdí àgbá náà. Ó ṣí ẹ̀rọ omi sí i lókè, omi ń wọlé, omi ń jáde. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì àti aago, ó ní ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kí n fa ìlà sí ibi tí omi dé, kí n sì sọ fún òun kí n tó wò ó ibi tí yóò dé ní ìgbà tó ń bọ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi lọ́dọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èébú bẹ́ mi lórí. Ọ̀kan ní, “Dókítà, ṣé àgbá yìí náà ń ṣàìsàn ni ẹ fi lu ú lábẹ́rẹ́?” Òmíràn ní, “Ẹ bi akọ̀wé rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ẹ̀.” Mo ń fa ìlà mi lọ, ojú ń tì mí.

Ìgbà tí mo sọ ibi tí omi yóò dé nígbà mẹ́wàá láì ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá ní, “Ó dáa. Ohun tó ń wọlé, ohun tó ń jáde. Ara ènìyàn náà nìyẹn. Àrùn ń bímọ, ọmọ-ogun ń pa á. Wá mọ èyí tó yára jù.” Bó ṣe kọ́ mi ní gbogbo ìṣirò tí àwọn ẹlòmíràn fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Mo rántí pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí inú dídùn ò pọ̀ nínú ìtàn yìí.

Lẹ́yìn àgbá ni mo tó dé ìdí ẹ̀jẹ̀. Àwọn aláìsàn wa pọ̀ jù lọ jẹ́ àgbẹ̀ inú oko Omifúnfun àti agbègbè rẹ̀, wọn ò lè máa wá sí Orè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wá ná ọjà Àgọ́ Aláyè. Nítorí náà, èmi náà di ọlọ́jà. Ọjọ́ ọjà, màá gbé kúlà oníyìnyín sẹ́yìn alùpùpù ọ̀gá, màá jókòó sábẹ́ àtíbàbà láàárín àwọn elépo àti àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, màá máa pe orúkọ, màá máa fa ẹ̀jẹ̀. Bí mo bá dé, màá la omi ara ẹ̀jẹ̀ náà sí méjì, màá tún là á sí méjì, títí yóò fi kún ìlà ihò kéékèèké méjìlá inú àwo kan, màá wá ro ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí a ti pèsè sínú wọn. Ihò tí àrùn bá wà, ẹ̀jẹ̀ náà á tẹ́ bí ẹní. Ibi tí kò bá sí, á ṣù jọ sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Iye ihò tó tẹ́ ni mo ń kọ sílẹ̀; bó bá ti pọ̀ tó ni àrùn náà pọ̀ tó. Àwọn ọmọ-ogun ara ní tiwọn, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn bá lọ kó àwọn ènìyàn wá láti oko. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń kà wọ́n, tó ń kọ déètì wọn sínú ìwé tirẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: àrùn wà nínú ìwé tèmi, ọmọ-ogun wà nínú ìwé tirẹ̀.

Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni mo ti mọ Àkànbí. Ará apá Ọ̀ṣun ni, ó wá dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Omifúnfun, ó jù mí lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Mo ń pè é ní bọ̀dá, ó ń pè mí ní Alákọ̀wé. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá bá mi wá sí ọjà láti wá ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún àwọn aláìsàn. Ó sọ̀rọ̀ títí, kò sí ẹni tó gbọ́. Àkànbí ní, “Dókítà, ṣé bíi kòkó ni?”

Ọ̀gá ní, “Kòkó báwo?”

“Ẹ gbin kòkó. Ẹ óò máa ro ó, àbí? Bí ẹ bá fi ọkọ́ sílẹ̀ lọ́dún kejì, èpò á gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí ewé rẹ̀ bá ti pa orí pọ̀, tí òrùn ò wọlẹ̀ mọ́, ẹ lè lọ sùn. Èpò ò ní hù lábẹ́ òjìji. Ọkọ́ ni oògùn yín yìí. Abẹ́rẹ́ yín ni ajílẹ̀. Ẹ ń wá ọjọ́ tí ẹ máa ju ọkọ́ sílẹ̀ ni.”

Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i kí ó yọ ọ́ láì bínú nìyẹn. Ó ní, “Ta ni ọkùnrin yìí?” Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá wá bi í léèrè iṣẹ́ wa, kòkó tó pa orí pọ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ mi nígbà náà ni ìwé tábìlì ìṣirò kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já àti rúlà onígi. Fún aláìsàn kan ṣoṣo, màá fi ọjọ́ méjì ṣírò. Nígbà tí ó yá, ọ̀gá ra kakulétọ̀ kékeré kan tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kìíní tí mo lò ó, mo rò pé ó ń purọ́, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ̀yin tí fóònù yín ń ṣe ìṣirò kí ẹ tó béèrè, ẹ má wulẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín. Òkùnkùn iná ọba la wà.

Níkẹyìn, gbogbo làálàá wa máa ń bọ́ sí iye kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ìyára tí ọmọ-ogun rẹ̀ fi ń jí, ẹ fi ìyára tí àrùn rẹ̀ fi ń padà pín in. Bí ó bá lé ní ẹyọ kan, ọmọ-ogun yára ju àrùn lọ, kòkó ti pa orí pọ̀. Bí kò bá tó ẹyọ kan, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ́. Láti mọ ìyára àrùn, a máa ń dá oògùn ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró fún ọjà mẹ́ta péré, kí a rí bó ṣe ń gbérí, lẹ́yìn náà a ó dá a padà.

Ìgbà náà ni ọ̀wọ́n gógó dé, tí a ń pè ní Sáàpù. Náírà ṣubú. Àwọn òyìnbó tó ń fi oògùn ránṣẹ́ ní àwọn ò bá ìjọba ológun ṣe mọ́. Nígbà tí wọ́n tún yí ọkàn padà, àpótí oògùn jókòó sí èbúté, ìwé kan ń bí ìwé mìíràn. Oògùn tó kù ní Orè kò lè yí gbogbo ènìyàn ká. Ọ̀gá pè mí, ó ní, “Kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni la ó wò. Iye ni yóò yàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá lé ní ẹyọ kan, a ó dá oògùn rẹ̀ dúró, a ó fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó.”

Ti Àkànbí jẹ́ ẹyọ kan ó lé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lé, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka kan ṣoṣo di etí kànga mú.

Mo sọ fún un lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní, “Alákọ̀wé, ṣé ó dá yín lójú? Ìyàwó mi lóyún o.”

Mo ní, “Bọ̀dá, ìṣirò kì í purọ́.”

“Ènìyàn ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà! Ọ̀gá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó ní, “Ó dáa. Ẹ fún Ìyá Bùnmi ní tèmi.” Ìyá Bùnmi ni aláìsàn tó jókòó tì í, tí iye tirẹ̀ kéré. Obìnrin náà fi orúnkún kanlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjà.

Ó ku díẹ̀ kí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òdìgbó wọlé. À ń ṣe ìpàdé, Ìyá Ìjọ ń bínú. Ó ní, “Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún tí ẹ mú yìí, ọjà Àgọ́ Aláyè ló bọ́ sí. Ta ló máa wá?”

Mo ní, “Rárá, mà. Sátidé yìí ni ọjà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án síra ni. Ọjọ́ Ajé ni yóò bọ́ sí.”

Gbogbo ilé pa ẹ̀rín. Bàbá Ìjọ ní, “Akin, ìwọ tó ń lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá! Sátidé ńkọ́? Ka Sátidé mọ́ ọn!”

Mo fi ìka kà á. Sátidé, ọ̀kan. Ọjọ́ Àìkú, méjì. Mo kà á dé Ọjọ́ Àìkú kejì, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin náà ẹ kà á. Bí a bá bímọ lónìí, ṣé kì í ṣe ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọ́ lórúkọ? Ṣé kì í ṣe òní la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjà kan sí èkejì, ilẹ̀ kì í mọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ. Nínú ìwé mi ní Orè, lábẹ́ ibi tí ọ̀gá kọ “Ọjọ́” sí, mo ti kọ mẹ́sàn-án, méjìdínlógún, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, fún olúkúlùkù wọn, láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Ẹsẹ̀ mi mọ ọjọ́ ọjà. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá, ọmọ Èkó, gba ohun tí mo kọ, ó rò pé oòrùn ti là lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ìwé tirẹ̀ ní déètì, tèmi kò ní. Àrùn tó ti yára gbérí ní ọjọ́ mẹ́jọ, a ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbérí. A sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

N kò dúró gbọ́ àdúrà ìparí. Mo lọ sí Orè, mo tún iye Àkànbí ṣe. Ẹyọ kan ó dín ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ti àwọn yòókù, bóyá iye wọn ga gan-an ni o, bóyá ó kéré gan-an ni o, kò sí ẹni tó rékọjá ìlà. Òun nìkan ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ìwé síwájú ọ̀gá. Ó wò ó. Ó mú kakulétọ̀, ó ṣe é. Ó gbé kakulétọ̀ sílẹ̀, ó mú pẹ́ńsùlù, ó tún un ṣe. Ọkọ̀ agbégi kan kọjá, tábìlì gbọ̀n, kò gbé ojú sókè.

“Ọ̀sẹ̀ mélòó ló ti dá oògùn dúró?”

“Márùn-ún, sà.”

“Ta ló tún mọ̀?”

“Èmi àti ẹ̀yin, sà.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ n gbé oògùn lọ fún un lónìí.” Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo oògùn inú rẹ̀ ló ti ní orúkọ lára. Ó ní, “Ta ni kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Sọ orúkọ kan, n óò gbà á.” Mo wo orúkọ Ìyá Bùnmi. Mo wo àwọn tó kù. Àgbà tó lu àgbá omi láì wo ojú ẹnikẹ́ni ń dúró dè mí, mo sì pa kọ́bọ́ọ̀dù náà dé.

Bẹntiróòlù ò sí ní gbogbo Orè. Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn dé Omifúnfun. Ìyàwó Àkànbí, tí à ń pè ní Ìyá Wálé, ń yan gàrí, oyún ti yọ síwájú. Àkànbí fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn ti pẹpẹ ọparun.

“Alákọ̀wé! Kẹ̀kẹ́ lẹ gùn wá? Ṣé sójà ti mu bẹntiróòlù tán ni?”

“Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n wo ojú yín.”

“Ẹ má ṣe wàhálà. Wálé ti ń pè mí ní Bàbá Oníyeyè.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọ fún un. Mo sọ nípa ọjà, mo sọ nípa mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́.  Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Ìyá Wálé, wá gbọ́! Dókítà tó dé òkè òkun àti akọ̀wé rẹ̀, wọn ò mọ ọjà Àgọ́ Aláyè!”

Ìyá Wálé kò rẹ́rìn-ín. Igbá ìyangàrí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?”

“Ó túmọ̀ sí pé wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi kí kòkó tó pa orí pọ̀.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ ń gba ìtọ̀ mi. Bí ẹ bá ní, ‘Àkànbí, oorun mélòó lo ń sùn láàárín ọjà méjì,’ ṣé n ò ní sọ fún yín ni? Èmi tí mo ń ru ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀?”

“Ẹ má bínú, bọ̀dá.”

“Oògùn ńkọ́?”

“Kò sí. Ó wà ní èbúté.”

“Hẹn.” Ó wo òkè, ibi tí ewé kòkó rẹ̀ ti bo ojú ọ̀run. “Ẹ ti tún un ṣe fún àwọn yòókù?”

“A ti tún un ṣe.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa o. Kí ẹlòmíràn má baà ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Ó lo oṣù méjì àti díẹ̀ sí i. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ dákẹ́ kí èémí rẹ̀ tó dákẹ́. Àpótí oògùn dé Orè lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín, ó mọ́ tónítóní, kò sí hóró kan tó fọ́ nínú rẹ̀.

Nǹkan tó tẹ̀ lé e nínú iṣẹ́ mi kì í ṣe ibi. Kọ̀ǹpútà dé, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ tútù bí ewé, jẹnẹrétọ̀ kan ń ké fún un lẹ́yìn ilé. Ohun tí mo fi ọjọ́ méjì ṣe ni ó ń ṣe kí n tó ṣẹ́jú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kò mọ ìdí àgbá omi, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á ní, “Bàbá, ó ti jáde.” Màá ní, “Kí ló jáde?” Wọ́n á máa wo ara wọn. Mo ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ta ló ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀, báwo ló sì ṣe kà á. Wọ́n rò pé arúgbó ń ṣe òṣónú ni. Mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlélógún ni a kọ láti ìgbà náà lọ. Iye wa tọ́. A dá oògùn dúró lára àwọn ènìyàn, wọ́n sì yè. Ìyá Bùnmi ṣì ń ta epo. Ọ̀gá kọ ìwé kan ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó, wọ́n yìn ín, wọ́n sì yin àfiwé kòkó inú rẹ̀ jù lọ. Ọ̀gá ti di olóògbé, n kò ní bú u. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo fò wà níbí, n kò sì fẹ́ kí ẹ wọlé láì mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tí Àkànbí kú, ọ̀gá ní kí n parí káàdì rẹ̀, èyí tí à ń kọ ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan sí fún àwọn tòkè òkun. Mo bi í pé kí ni kí n kọ. Ó ní, “Kọ pé kò padà wá.”

Mo ní, “Sà, ó ti kú.”

“Mo mọ̀ pé ó ti kú. Bí wọ́n bá kà á lókè òkun pé ìṣirò wa ló pa á, àpótí yẹn ni yóò jẹ́ ìkẹyìn. Àwọn tó kù ńkọ́? Mú orúkọ kan, Akin. O kò lè mú un nígbà yẹn. Ṣé o lè mú un báyìí?”

N kò lè mú un. Ìyàwó àti ọmọ wà nílé mi, iṣẹ́ ò sí níbòmíràn, ìyẹn náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín.

Mo gbé káàdì náà dání lọ sí ọjà Àgọ́ Aláyè. Mo ń pe orúkọ, mo gbé ojú sókè, Ìyá Wálé ló jókòó ní òpin bẹ́ǹṣì nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú oyún rẹ̀. N kò pè é. Ó dúró títí gbogbo ènìyàn fi lọ. Ó sún mọ́ tábìlì, ó rí káàdì ọkọ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n nítorí fọ́tò kékeré tó wà lára rẹ̀. Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ lójú rẹ̀: kò padà wá.

Kò mọ̀wé. Ó fi ìka lé abẹ́ ohun tí mo kọ, ibi tí ìka rẹ̀ ti kan ọwọ́ mi. Ó ní, “Ṣé èyí tí ẹ wá sọ fún wa lóko nìyí? Tí bàbá Wálé ní kí ẹ kọ sílẹ̀ dáadáa?”

Mo ní, “Òun ni, Ìyá Wálé.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á san án fún yín.”